ITIN: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Jù Nípa Nọ́ńbà Owó Orí Amẹ́ríkà

Owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ojú ìwé yìí ń sọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin owó orí tirẹ̀.

Kí ni ITIN gan-an?

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó ń san owó orí (Individual Taxpayer Identification Number) ni. Ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án ni, 9 ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. IRS, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló ń fúnni. Ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí òfin ní kó kọ ìwé owó orí fún Amẹ́ríkà, àmọ́ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ọmọ ìlú àti ẹni tó láṣẹ iṣẹ́), ni wọ́n ṣe é fún.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: kí IRS lè mọ ìwé tiyín yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ó ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tíì sanwó fún un.

Ṣé mo lè fi ṣiṣẹ́? Ṣé ó lè bá mi rí green card?

Rárá sí méjèèjì. ITIN kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ iṣẹ́, kò kan físà, kò sì sọ èèyàn di ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì Social Security tọ́ sí. Ẹni tó ń fi ITIN kọ ìwé owó orí kò tún lè gba owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Earned Income Tax Credit.

Òótọ́ ni pé àwọn báńkì kan ń gbà á láti ṣí àkáǹtì, tí àwọn míì sì ń fi í yá èèyàn lówó ilé. Ọ̀rọ̀ báńkì nìyẹn, IRS kò dá sí i.

Ta ló wá nílò rẹ̀?

Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tó ní ilé tó ń gba owó rẹ́ǹtì lórí rẹ̀ ní Houston. Ẹni tó ní ìpín nínú okòwò alájọṣe kan ní Amẹ́ríkà tó ń mú èrè wá. Ìyàwó ẹni tó ní físà iṣẹ́ H-1B, tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí H-4 (físà ìdílé ẹni tó ní H-1B) tí kò sì láṣẹ iṣẹ́, tí tọkọtaya náà fẹ́ kọ ìwé owó orí pa pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣiṣẹ́, àmọ́ tí owó orí wà lórí apá kan nínú owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, tó ṣiṣẹ́ tó sì rówó.

Gbogbo wọn ló ní nǹkan kan tó so wọ́n mọ́ ìwé owó orí Amẹ́ríkà. Ìdí yẹn ni IRS ń wá nínú fọ́ọ̀mù yín, òun náà sì ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi ẹni tó bá wá bá wa. Ẹni tí kò bá ní ìdí náà, owó rẹ̀ àti àsìkò rẹ̀ ló máa fi ṣòfò.

Mo ní físà iṣẹ́. Ṣé kí n gba ITIN kí n lè tètè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà Social Security kò gbọ́dọ̀ béèrè fún ITIN. Fọ́ọ̀mù SS-5 ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì Social Security. Bákan náà ni fún ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 tó ti rí iṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì.

Bí ẹ bá ti béèrè fún nọ́ńbà Social Security tí wọn ò tíì fèsì, ẹ dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀, torí ó lè wúlò nígbà tí ẹ bá ń béèrè ITIN.

Èló ni?

Ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ IRS. Owó tí ẹ bá gbọ́, owó iṣẹ́ ẹni tó bá yín kọ ọ́ ni. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe VITA (ètò tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn fi ń bá èèyàn kọ ìwé owó orí) tàbí Low Income Taxpayer Clinic (ibi tí wọ́n ti ń ran ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó orí) nítòsí rẹ̀. Ìrànwọ́ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́, àwọn VITA kan sì ní ẹni tó lè yẹ pásípọ́ọ̀tì wò lójú ẹsẹ̀.

Fọ́ọ̀mù wo ni, báwo ni mo sì ṣe máa fi ránṣẹ́?

Fọ́ọ̀mù W-7 ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ́. W-7 nìkan kì í rìn. Ìwé owó orí yín, Fọ́ọ̀mù 1040, tàbí 1040-NR fún ẹni tí òfin owó orí kò kà sí olùgbé Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpòòwé kan náà. Àyè tó yẹ kí nọ́ńbà wà nínú ìwé owó orí náà, ẹ fi í sílẹ̀ lófo. IRS ló máa kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún yín ní ITIN. Bí ẹ bá pọ̀ nínú ìdílé, W-7 kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìwé owó orí kan ṣoṣo fún gbogbo yín.

Ẹ má fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n máa ń fi ìwé owó orí lásán ránṣẹ́ sí. Ẹ̀ka ITIN ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas, ló ń lọ; àdírẹ́sì náà wà nínú ìtọ́ni W-7. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ lè mú un lọ sí ọ́fíìsì IRS tó ń dá àwọn èèyàn lóhùn lójúkojú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gba ọjọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ọ́fíìsì náà ń ṣe ti ITIN, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ọ̀nà kẹta ni aṣojú tí IRS fọwọ́ sí.

Ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n fún ìwé owó orí náà tó kọjá. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni. Bí ọwọ́ yín bá há, Fọ́ọ̀mù 4868 máa fún yín ní oṣù mẹ́fà sí i láti kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n owó tí ẹ jẹ kò ní dúró. Ẹni tó bá pẹ́ kọjá ọjọ́ náà lè pàdánù àwọn ìdínkù owó orí kan fún ọdún yẹn, kódà bí ITIN bá pàpà jáde.

Ṣé kò sí ẹni tó lè gbà á láìfi ìwé owó orí kún un?

Ó wà. IRS pè wọ́n ní Exception, márùn-ún ni wọ́n. Lára wọn ni owó èlé tàbí ìpín èrè tí báńkì tàbí iléeṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ fún IRS, àǹfààní àdéhùn owó orí láàárín orílẹ̀-èdè méjì, owó ilé tí báńkì yá yín, àti ilé tàbí ilẹ̀ tí àjèjì tà ní Amẹ́ríkà.

Exception kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ti owó èlé, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ báńkì, pẹ̀lú orúkọ yín nínú rẹ̀, tó fi hàn pé àkáǹtì náà wà. Lẹ́tà tí ẹnì kan kàn tẹ̀ fún yín kò tó.

Ìwé ìdánimọ̀ wo ni wọ́n ń gbà?

Oríṣi ìwé 13 ló wà lójú òfin wọn. Pásípọ́ọ̀tì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá nìkan ló lè dá dúró. Bí kò bá sí i, ó kéré tán ẹ máa nílò ìwé méjì míì tó máa fi hàn pé ẹ̀yin ni ẹ ni orúkọ náà, pé ẹ kì í sì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ní fọ́tò.

Káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè wà nínú ìwé 13 náà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ, fọ́tò, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tó máa kú. Tákàdá NIN kò ní gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, nítorí náà kò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ lo pásípọ́ọ̀tì bí ẹ bá ní i.

Mo ti ní kí nọ́tárì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tì mi. Ó tó, àbí?

Kò tó. IRS kì í gba ẹ̀dà tí nọ́tárì fọwọ́ sí, ì báà jẹ́ nọ́tárì Amẹ́ríkà tàbí ti Èkó. Ó máa ń dùn wá nítorí àwọn èèyàn ti sanwó òǹtẹ̀ náà kí wọ́n tó bi wá. Pásípọ́ọ̀tì gan-an ni wọ́n ń fẹ́, tàbí ẹ̀dà tí iléeṣẹ́ tó ṣe pásípọ́ọ̀tì náà fọwọ́ sí pé ó bá a mu.

Ẹ̀rù ń bà mí láti fi pásípọ́ọ̀tì mi ránṣẹ́. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ̀rù yẹn tọ́. IRS sọ pé àwọn máa ń dá ìwé padà láàárín 60 ọjọ́, àmọ́ 60 ọjọ́ láìsí pásípọ́ọ̀tì kò rọrùn fún ẹni tí òkú lè pè wálé lójijì. Àwa kì í gbani nímọ̀ràn pé kó fi í ránṣẹ́ bí ọ̀nà míì bá wà.

Ọ̀nà tó dára jù lójú wa ni aṣojú tí wọ́n ń pè ní Certifying Acceptance Agent, CAA. Ó máa wo pásípọ́ọ̀tì yín, á fi lẹ́tà ẹ̀rí tirẹ̀ sínú àpòòwé pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀, á sì dá ti ọwọ́ yín padà. IRS ní orúkọ àwọn CAA lórí ìkànnì rẹ̀, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ẹ rí i pé orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ lò wà níbẹ̀. Fún àwọn ọmọ, pásípọ́ọ̀tì àti ìwé ẹ̀rí ìbí ni CAA lè jẹ́rìí sí.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tún lè béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́wọ́ kọ́ńsúlétì orílẹ̀-èdè rẹ̀; ti Nàìjíríà wà ní New York àti Atlanta. Bí ẹ bá wá pinnu pé pásípọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ lẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ fi àpòòwé ìdápadà tí ẹ ti sanwó rẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí èèyàn lè tọpa rẹ̀.

Orúkọ mi gùn, ìwé kọ̀ọ̀kan sì kọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Èwo ni kí n kọ?

Bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tì ni kí ẹ kọ ọ́, lẹ́tà fún lẹ́tà, láìsí àmì ohùn. Orúkọ ìdílé lọ sí àyè orúkọ ìdílé. Nínú ìwé owó orí náà, ẹ kọ orúkọ kan náà. Bí obìnrin kan bá ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ àmọ́ tí pásípọ́ọ̀tì ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ inú pásípọ́ọ̀tì ni kó lò. W-7 ní àyè fún orúkọ tí wọ́n fún èèyàn nígbà tí wọ́n bí i, bó bá yàtọ̀.

Àyè ọjọ́ tí ẹ wọ Amẹ́ríkà náà máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹni tí kò wá rí máa kọ ọ́ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé “Never entered the United States”. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófo.

Ìyàwó mi wà ní Ìbàdàn, kò wá Amẹ́ríkà rí. Ṣé ó lè gba ITIN?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò nílò físà. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tí òfin owó orí kà sí olùgbé ibẹ̀, ẹ lè yàn pé kí wọ́n ka ìyàwó yín náà sí olùgbé, kí ẹ sì kọ ìwé owó orí pa pọ̀. Lẹ́tà tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, tó sọ pé bẹ́ẹ̀ lẹ yàn, máa bá ìwé owó orí náà lọ, pẹ̀lú W-7 tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ tọkọtaya, owó orí wọn máa ń dín kù ju kí ọkọ dá kọ tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí i o: láti ìgbà tí ẹ bá ti yàn bẹ́ẹ̀, gbogbo owó tó ń wọlé fún ìyàwó yín níbikíbi láyé di ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ síwájú IRS. Owó oṣù rẹ̀ ní Ìbàdàn, èrè ọjà rẹ̀, rẹ́ǹtì ilé rẹ̀. Bí owó tirẹ̀ bá pọ̀, ẹ ṣírò ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó mú ọ̀kan.

Mò ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi àti àwọn ọmọ mi nílé lóṣooṣù. Ṣé mo lè gba ITIN fún wọn, kí n sì kọ wọ́n sínú ìwé owó orí mi?

Bí wọn kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọn ò sì ní green card, tí Nàìjíríà sì ni wọ́n ń gbé, kò ṣeé ṣe. Ẹni tí èèyàn máa kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tí òfin owó orí kà sí olùgbé Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ń gbé Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò yí èyí padà.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni. Ẹni tó ń tọ́ òbí rẹ̀ láti òkèèrè ń ru ẹrù gidi. Síbẹ̀, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà tí òun máa gbé e gbà, torí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé náà, ẹ̀yin náà ni IRS máa wá bá.

Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi ní Amẹ́ríkà, H-4 ni wọ́n. Ti wọn ńkọ́?

Àwọn yẹn lè gbà á, bí ìwé owó orí yín bá máa rí àǹfààní kan látara wọn. Child Tax Credit, ìyẹn ìdínkù owó orí nítorí ọmọ, kò tọ́ sí ọmọ tí kò ní nọ́ńbà Social Security, àmọ́ ìdínkù $500 tó wà fún àwọn mìíràn tí à ń gbọ́ bùkátà wọn lè tọ́ sí i.

Pásípọ́ọ̀tì ọmọ gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wọ Amẹ́ríkà kó tó lè dá dúró, ibodè mélòó kan ni wọn ò sì ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́. Bí òǹtẹ̀ kò bá sí, ẹ fi ẹ̀rí míì kún un pé Amẹ́ríkà ló ń gbé: ìwé ilé ìwòsàn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, ìwé ilé ẹ̀kọ́ fún èyí tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí ló máa fọwọ́ sí W-7 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Ìgbà wo ló máa jáde?

Ọ̀sẹ̀ méje ni IRS ń sọ. Láàárín ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, tàbí bí ìwé bá wá láti òkèèrè, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Ẹni tó bá ṣèlérí ọ̀sẹ̀ kan fún yín, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló wà.

Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi. Kí ló túmọ̀ sí?

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà náà. CP565 ni pé ITIN yín ti jáde. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. CP566 ni pé nǹkan kan kù tí wọ́n ń fẹ́, ẹ fèsì kí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó pé. CP567 ni pé wọ́n ti kọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú lẹ́tà náà. Kíkọ̀ kì í ṣe òpin: ẹ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, kí ẹ sì fi W-7 tuntun ránṣẹ́.

Mo ti ní ITIN tipẹ́. Ṣé ó ṣì wà láàyè?

Òfin tí wọ́n ṣe ní 2015 sọ pé bí ITIN kò bá hàn nínú ìwé owó orí kankan fún ọdún owó orí mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ó máa kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Èyí tí kò hàn fún 2022, 2023 àti 2024 kú nígbà tí 2025 parí. W-7 náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ dọ̀tun, nọ́ńbà yín kò sì ní yí padà. Bó bá jẹ́ pé ìwé tí àwọn tó ń sanwó fún yín ń fi ránṣẹ́ sí IRS nìkan ni nọ́ńbà náà wà, irú bíi 1099, kò pọn dandan kí ẹ sọ ọ́ dọ̀tun.

Mò ń ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Nàìjíríà, wọ́n sì ń yọ 30% lára owó mi fún owó orí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ITIN máa dá a dúró.

ITIN kọ́ ló ń dín 30% kù, àdéhùn owó orí láàárín Amẹ́ríkà àti orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé ni. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Benin àti Ghana náà kò ní. Ní Áfíríkà, Íjíbítì, Mòrókò, Tùníṣíà àti South Africa ló ní in. Nítorí náà, òǹkọ̀wé tó ń gbé Abẹ́òkúta tó sanwó fún ITIN nítorí èyí máa gba nọ́ńbà, 30% náà á sì máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tó ní àdéhùn pàápàá lè má nílò ITIN. Fọ́ọ̀mù W-8BEN, tí ẹ máa fún ẹni tó ń sanwó fún yín, ní àyè fún nọ́ńbà owó orí orílẹ̀-èdè yín, èyí sì sábà máa ń tó.

Mo fẹ́ dá LLC (irú iléeṣẹ́ kan) sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣé dandan ni ITIN?

Kì í ṣe dandan. Nọ́ńbà iléeṣẹ́, EIN, lẹ ń wá. Fọ́ọ̀mù SS-4 ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gbà fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security tàbí ITIN, àmọ́ wọ́n ń gbà á nípasẹ̀ fáàsì, lẹ́tà tàbí fóònù.

Ohun tí àwọn tó ń ta LLC fún àwọn èèyàn kì í sábà sọ ni Fọ́ọ̀mù 5472. Àjèjì tó dá nìkan ni LLC gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí IRS ní gbogbo ọdún tí owó bá kọjá láàárín òun àti iléeṣẹ́ náà, títí kan owó tó fi dá a sílẹ̀, kódà bí kò bá jèrè kọ́bọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ $25,000.

Mo fẹ́ ta ilé tí mo ní níbẹ̀. Ìgbà wo ni kí n wá ITIN?

Kí ẹ tó ta á. Òfin FIRPTA sọ pé ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ àjèjì gbọ́dọ̀ yọ 15% iye tí wọ́n tà á sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí IRS. 15% iye ilé ni o, kì í ṣe ti èrè. Láìsí nọ́ńbà, owó yín máa wà lọ́dọ̀ IRS láìsí orúkọ ẹni tó ni ín. Bí owó orí tí ẹ máa jẹ kò bá tó iye yẹn, Fọ́ọ̀mù 8288-B lẹ máa fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín in kù, kí ọjọ́ títà tó pé sì ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Wọ́n gbà kí W-7 bá a lọ.

Mo ti gba nọ́ńbà Social Security báyìí. Kí ni kí n fi ITIN ṣe?

Ẹ má lò ó mọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí IRS: orúkọ yín, àdírẹ́sì yín, nọ́ńbà méjèèjì, ẹ̀dà káàdì Social Security, àti ẹ̀dà CP565 bó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n á so àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò ṣe èyí lè má rí owó orí tó ti san sẹ́yìn kà mọ́ orúkọ rẹ̀.

Mi ò ní ìwé ìgbélùú. Bí mo bá kọ W-7, ṣé wọn ò ní wá mi wá?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Òfin owó orí, abala 6103, sọ pé àṣírí ni ohun tí èèyàn kọ síwájú IRS, àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀ nìkan ló sì lè jẹ́ kí wọ́n fi han iléeṣẹ́ míì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Ní oṣù kẹrin 2025, iléeṣẹ́ ìṣúná owó àti iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn pé IRS lè fún àwọn tó ń bójú tó ìgbélùú ní àwọn ìsọfúnni kan, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ilé ẹjọ́.

Òfin tó ní kí ẹni tó rówó san owó orí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìwé owó orí tí èèyàn kọ lọ́dọọdún sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ níwájú adájọ́ ìgbélùú lẹ́yìn-ọ̀-rẹ̀yìn. Ewu àdírẹ́sì tí ẹ máa kọ síbẹ̀ náà kì í ṣe àròsọ. Nítorí náà, a kì í bá ẹni tó wà nípò yìí kọ W-7 títí tó fi máa bá lọ́yà tó mọ̀ nípa ìgbélùú sọ̀rọ̀. Lọ́yà ni o, kì í ṣe nọ́tárì, kì í sì í ṣe ẹni tó ń bá yín kọ ìwé owó orí. Ẹ mú gbogbo ìwé tí ìgbélùú ti fún yín rí dání, títí kan àwọn tí ẹ rò pé kò wúlò mọ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun.